Ìdajì Ọ̀rọ̀ Ọkọ Mi

Nínú àwọn tó fọ́ àgbọ̀n ọkọ mi ní Kakuri, ní ìlú Kaduna, mo mọ mẹ́ta dáadáa. Ọ̀kan ń ta ẹ̀pà, ọwọ́ mi ló sì ti máa ń ra pépà tó fi ń wé e. Ìkejì, onídìrí mi ló bí i. Ìkẹta, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, a jọ ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, òun gan-an ló sì lo irin. Mo tètè sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á má baà pín wa sí apá méjì kó tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn ti bá wa ṣe ìyẹn, iṣẹ́ wọn sì mọ́.

Òwò pépà ni mo ń ṣe nígbà náà. Ìwé ìròyìn àtijọ́, èyí tí àwọn ọ̀gá ti kà tì ní ọ́fíìsì, ni mo máa ń rà jọ, tí mo ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n fún àwọn ẹlẹ́pà, àwọn onísùyà, àwọn oníkósé. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ṣì ń ké tọ̀sán tòru ní Kakuri láyé ìgbà yẹn, ẹnu tó ń jẹun lójú títì pọ̀ rẹpẹtẹ, ohun tí ẹnu bá sì ń jẹ lójú títì, pépà ni wọ́n fi ń wé e. Ìyá Pépà ni wọ́n ń pè mí. Ìwé kẹta ni mo kà. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ. Ti òyìnbó, mo lè tà á, n ò lè kà á. Mo ti ta ọba, mo ti ta mínísítà, mo ti ta ọ̀gá ológun tó ranjú mọ́ èèyàn bí ẹni pé a jẹ ẹ́ níyà. Gbogbo wọn ni mo wọ̀n, kò sí èyí tó wúwo ju èkejì lọ.

Ọkọ mi yàtọ̀. Ó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ, Kaduna ni wọ́n sì bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Hausa tó ń sọ, àwọn tó ni èdè máa ń dúró gbọ́ ọ. Láàárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán, á lọ sí ìkóríta, nídìí tábìlì fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn tuntun. Á ka àkọlé sókè, á túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó, á wá fi tirẹ̀ lé e. Tirẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Àwọn ológun ló wà lórí oyè, wọ́n ti wọ́gi lé ìbò tí gbogbo wa tò sóòrùn dì, kẹrosíìnì ti di góòlù, ọkọ mi ò sì mọ ẹni tí èèyàn kì í bú.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹnu yín yìí á pa yín."

Ó ní, "Bó bá pa mí, á jẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ kan láyé."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn, n kì í fi ìbínú pa á run.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹnì kan bi í nídìí tábìlì yẹn pé àwọn wo ló jẹ owó ìlú tán, ṣé ará Àríwá ni tàbí ará Gúúsù. Ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní eku méjì ló wà nínú rọ́ńbù, ìyẹn àká tí àwọn Hausa ń kó ọkà sí. Ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ àríwá wọlé, ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ gúúsù wọlé. Wọ́n pàdé láàárín, wọ́n kí ara wọn, wọ́n jọ jókòó ti ọkà. Àwa tí a ni ọkà wá dúró síta, a ń na ara wa lórí pé eku ta ló jẹ jù. Ẹlẹ́pà tí mo sọ níṣàájú rẹ́rìn-ín títí tí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí i, mo wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn nínú èrò. Ìgbà tí ọkọ mi na ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó fi ń júwe àríwá, ni iná kámẹ́rà náà kọ mànà. Ó bi ọkọ mi lórúkọ. Ọkọ mi sọ orúkọ, ó sọ ti bàbá, ó sọ àdúgbò, díẹ̀ ló kù kó sọ nọ́ńbà bàtà rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ọkùnrin tó ti ń ka ìròyìn ẹlòmíràn láti kékeré, ó rò pé ó kan òun náà.

Ní ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ọkọ mi ṣì ń sùn, fẹ́ńdọ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé ìdì ìwé ìròyìn kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìròyìn náà ti kú báyìí, n ò sì lọ síbi òkú rẹ̀.

"Ìyá Pépà, ẹ wò ó."

Ọkọ mi ló wà níwájú ìwé. Ó la ẹnu, ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń lé àlejò jáde.

"Kí ni wọ́n kọ sórí ẹ̀?"

"Wọ́n ní Yorùbá kan ní Kakuri pe àwọn ará Àríwá ní eku."

"Eku kejì ńkọ́?"

"Kò sí eku kejì níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"O wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́."

"Mo wà níbẹ̀, Ìyá Pépà. Ìwé ìròyìn ni ò sí níbẹ̀." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Gbogbo ti Kakuri rèé. Mi ò tíì tú u. Ẹ rà á kí n máa lọ."

Mo rà á tìdìtìdì. Ẹ wá wo ọgbọ́n mi. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ya ìwé iwájú lára gbogbo wọn, mo kó o sábẹ́ ìkòkò, mo fi se ògì àárọ̀. Ojú ọkọ mi ń jó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo wo èyí tó kù. Pépà tuntun ni, tí eku ò tọ̀ sí, tí kò rùn, irú èyí tí àwọn oníbàárà mi máa ń tọrọ lójoojúmọ́ tí n kì í rí. Ìwé iwájú ló ní àwòrán, mo ti sun ún. Kí ló wá kù tí mo ń bẹ̀rù? Ẹran tí a ti gé orí rẹ̀ kò lè buni jẹ mọ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Inna ló kọ́kọ́ dé. Inna ni obìnrin Hausa àgbàlagbà tó ń dín kósé, àkàrà tiwọn, ní ojú ọ̀nà Makera, kò ju ilé mẹ́fà sí wa. Kò fẹ́ràn pépà tó dọ̀tí. Ó fọwọ́ pa èyí, ó fi imú gbọ́ ọ.

Ó ní, "Níbo lo ti rí irú èyí?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló fún mi."

Ohun tí n kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni tó lè ka òyìnbó mọ̀, ni pé ọ̀rọ̀ iwájú ìwé ìròyìn kì í parí síwájú. Wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ pé kí o ṣí ojú ewé karùn-ún. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ta pépà, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ní ojú ewé karùn-ún yẹn, wọ́n tún ya ọkọ mi síbẹ̀, ó tóbi ju ti iwájú lọ, orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò wa wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀, àwọn díẹ̀ tó lówó tó sì lè kàwé nìkan ni ì bá rà á. Ṣùgbọ́n ta ni kì í jẹ kósé? Àwọn tó ń jáde níbi iṣẹ́ òru jẹ ẹ́, wọ́n na pépà, wọ́n fi nu ọwọ́, wọ́n rí ọkọ mi tí òróró ti jẹ́ kó máa dán. Èyí tó lè kà á kà á fún èyí tí kò lè kà á. Èmi tí mo fẹ́ fi ọkọ mi pamọ́ ni mo pín in dé àdúgbò Nasarawa.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n dé. Ọkọ mi jókòó lórí àpótí níwájú ilé, ó ń fá irùngbọ̀n, ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ẹni tó ṣíwájú na pépà sí i lójú.

"Ṣé ìwọ rèé?"

Ọkọ mi wò ó. "Èmi ni. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ..."

Kò sọ ọ́ tán. Bí wọ́n ṣe gé e nínú ìwé náà ni wọ́n gé e lójú agbo. Igi bà á lágbárí, ó ṣubú lu ọpọ́n omi, ọṣẹ àti ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀ di àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí n kò tíì rí lára aṣọ kankan ní Kakuri. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ egungun ìhà rẹ̀. Ọmọ onídìrí mi ń gbá a ní ìkùn, ó ń sunkún bó ṣe ń gbá a, n kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ìgbà náà ni ọmọ ìlú wa ti inú èrò jáde pẹ̀lú irin kan tó yọ lára ẹ̀rọ ìhunṣọ. Mo rò pé ó wá gbà wá. Mo pè é.

Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n pa gbogbo wa." Ọkọ mi ló ń bá wí, ojú àwọn èrò ló ń wò. Ó gbé irin náà sókè, ó fi là á ní àgbọ̀n, kí wọ́n lè rí i pé òun kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìkarahun.

Mo gbé irin òṣùwọ̀n mi tó tóbi jù, mo sọ ọ́. Ẹlẹ́pà ló bà, níwájú orí. Iwájú orí náà là, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe jókòó lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo bu ẹnì kan jẹ lápá. Mo ti gbàgbé ojú rẹ̀, n ò tíì gbàgbé bó ṣe ní iyọ̀ tó. Ẹnì kan fi irun mi fà mí káàkiri. Ẹlòmíràn ṣáná sí ìsọ̀ mi. Kò nílò pẹtiróòlù. Gbogbo ìjọba tí mo kó jọ síbẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, eérú wọn ń fò lórí wa, ó ń bà lé ọkọ mi lára, kò sì gbọn ọ́n kúrò.

Mo ti ń pe orúkọ rẹ̀ bí a ti ń pe òkú nígbà tí àwọn èrò là sí méjì. Inna ló ń bọ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ gbé agbada kósé tí òróró ń hó nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ di etí rẹ̀ mú. Àwọn oníbàárà ti sọ fún un ohun tó fi wé kósé wọn. Wọ́n gbé agbada kalẹ̀, Inna dúró lórí ọkọ mi, ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún, ó ti ìgbákọ bọ òróró.

Ó ní, "Wallahi, ẹni tó bá sún mọ́ mi, màá dín in."

Ẹnì kan sún. Ó dín in. Ojúgun ni ó da òróró náà lé, ọkùnrin náà ké bí ewúrẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan fò lọ.

"Ó ku ta ni?" Inna ní. "Ìwọ, mo fún ìyá rẹ ní omi mu lọ́jọ́ tó bí ọ. Wá. Ìwọ, o jẹ kósé mi láàárọ̀ yìí, o ò sanwó. Wá gba ṣẹ́ńjì."

Wọn ò wá. Òróró gbígbóná kì í bi èèyàn léèrè pé ọmọ ibo ni. Ọmọ ìlú wa ti ju irin sílẹ̀, ó ti lọ.

Àgbọ̀n ọkọ mi fọ́ níbi méjì. Egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́, etí òsì kò gbọ́ nǹkan mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n fi wáyà so eyín òkè mọ́ eyín ìsàlẹ̀, ibi tí eyín méjì ti jáde ni mo ń ki páìpù kékeré bọ̀ kó lè fa ògì. Inna ń wá lójoojúmọ́. Á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Èmi ni mo wé e. Èmi ni mo pa á."

"Inna, èmi ni mo tà á. Èmi ni mo pa á."

"O ò lè kà."

"Ẹ̀yin náà ò lè kà."

A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi sọ fún wa pé ọkùnrin náà kò kú.

Akọ̀ròyìn kan láti Èkó ló wá lẹ́yìn ìyẹn. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ra ọsàn wá fún ẹni tí kò lè la ẹnu. Ó fa àga, ó yọ ìwé, ó ń bi ọkọ mi ní ìbéèrè. Ọkọ mi ń sọ pé, "Hùn." Ọmọkùnrin náà ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́ kún ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn.

Mo ní, "Ọmọ mi, kí lo ń kọ?"

"Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni mo ń kọ, Mà."

"O ríran o. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wá ẹni tó máa bá a wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ìyẹn náà.

Nígbà tí ìwé náà jáde, fẹ́ńdọ̀ mú un wá. Mo ní kó ka iwájú, kó ka ojú ewé karùn-ún, kó ka ẹ̀yìn, kó ka gbogbo ẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Wọ́n ní akọni Yorùbá kan, lórí ibùsùn àìsàn, sọ fún akọ̀ròyìn àwọn pé eku Àríwá ti jẹ ilẹ̀ yìí tán. Wọ́n ní ó sọ pé kí Yorùbá kankan ní Kaduna má sun oorun fọnfọn mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fi san ẹ̀jẹ̀. Inna kò sí níbẹ̀. Agbada rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó lo irin kò sí níbẹ̀. Mo bi fẹ́ńdọ̀ pé eku gúúsù ńkọ́. Ó mi orí. Ìwé ìròyìn méjì tí wọn kì í kí ara wọn, tí ọ̀kan ń pe èkejì ní òpùrọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, wọ́n fẹnu kò lórí ìyẹn. Ọ̀kan fi ọkọ mi ṣe ọ̀tá, ọ̀kan fi ṣe akọni, àwọn méjèèjì sì pa eku kan náà jẹ. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, àfi ìgbà tí mo rí ọkọ mi tó ń fi ọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì, tí omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ etí tí kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ọ̀gá ọlọ́pàá kan bá wá. Ó mú àwọn méjì lẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn, ó fi ìwé ìròyìn sábẹ́ apá. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá mú nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í mọ ibi tí wọ́n máa gbé oúnjẹ lọ.

"Òun ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fi san ẹ̀jẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ bi í."

Ó bi í. Ọkọ mi ní, "Hùn."

"Kí ló sọ?"

"Ó kí yín, sà."

Ọ̀gá náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi bírò gbé ètè ọkọ mi sókè. Ó rí wáyà. Ó gbé ti ìsàlẹ̀, ó rí i níbẹ̀ náà. Ó bi nọ́ọ̀sì pé láti ìgbà wo. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni wọ́n ti so ó. Ọ̀gá na ìwé ìròyìn, ó ka ọ̀rọ̀ gígùn tí ọkọ mi sọ, ó tún wo ẹnu náà, ó wá fi imú rẹ́rìn-ín.

"Ta ló wá sọ gbogbo èyí?"

"Sà, ẹ bá mi bi wọ́n."

Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pè mí, kò pariwo. "Ìyá, wáyà yẹn á kúrò lọ́jọ́ kan. Tó bá kúrò, kó má bá a ní Kaduna."

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣèpàdé lé wa lórí, wọ́n ní ká máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó lo irin jókòó sẹ́yìn níbẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ na ọwọ́ pé òun á san owó mọ́tò. Mo gba owó náà. Mo ní Ọlọ́run á san án fún un bó ṣe yẹ ẹ́, ó sì ṣe àmín, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo lọ sílé, mo di ẹrù. Láàárọ̀, mo ń gbàdúrà kí àgbọ̀n ọkọ mi tètè san. Nírọ̀lẹ́, mo ń gbàdúrà kó má tètè san. Ọlọ́run á ti rò pé èèyàn méjì ni mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, dókítà fi ẹ̀mú gé wáyà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọkọ mi ṣí díẹ̀, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ní kó sọ nǹkan.

Ọkọ mi ní, "N ò lọ."

"Síbo?" Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Wọ́n á pa yín."

"Wọ́n lè pa mí." Itọ́ ń dà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó fi ọwọ́ kejì gbé àgbọ̀n ró. "Tí mo bá lọ, ìwé ìròyìn ìlú wa níbí á kọ ọ́ pé ọ̀tá ti sá. Ti Èkó á kọ ọ́ pé wọ́n ti lé Yorùbá jáde. Irọ́ méjèèjì á di òótọ́, ẹsẹ̀ mi ni màá sì fi bá wọn tẹ̀ ẹ́."

Mo wo dókítà, bóyá á lè so wáyà náà padà. Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀.

Nílé, mo bú ọkọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó gbé e wá sí Kaduna kí wọ́n tó bí i, mo dé orí Hausa tó mọ̀ ọ́n sọ, mo dé orí èmi tí mo fẹ́ ẹ. Ó fi etí ọ̀tún gbọ́ ọ. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹrù.

Mo ń tú u lọ́wọ́ nígbà tí awakọ̀ tí ẹgbẹ́ rán dé. Ó wo ẹrù, ó wò mí, ó ní ṣé kí òun padà wá lọ́la. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè, ó ní a ò lọ, ó wá mú ọ̀rọ̀ eku méjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń já, ó ń so, itọ́ ń dà láàárín rẹ̀. Awakọ̀ náà dúró, ó gbọ́ ọ tán.